Ẹ má fi ojú nìkan yan gelato: èsì sí àròkọ yín lórí ìrìn-àjò Róòmù

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, kò ní rẹ̀ yín nídìí rẹ̀. Mo ka àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde fún àwọn tó ń gbára dì láti rin ìrìn-àjò lọ sí orílẹ̀-èdè Ítálì, pàápàá àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà tó máa ń ti Àkúrẹ́ àti Oǹdó lọ sí Róòmù, mo sì gbádùn ohun tí ẹ sọ níbẹ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin, nípa aṣọ tó yẹ kí ènìyàn wọ̀ wọ ilé ìjọsìn, àti nípa àwọn tó ń ki ọwọ́ bọ àpò oníàpò láàárín èrò. Ibi kan ṣoṣo ni n kò ti lè bá òǹkọ̀wé yín lọ. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ jẹ gelato, ìyẹn áísìkirimù ti àwọn ará Ítálì, wá ṣọ́ọ̀bù tí àwọ̀ ọjà rẹ̀ bá tàn jù lọ, tí wọ́n sì kó o jọ gègèrè lẹ́yìn gíláàsì. Áísìkirimù ni mo ń ṣe tí mo sì ń tà ní Àkúrẹ́ níbí, ọmọ mi obìnrin sì ń gbé ní Bologna, nítorí náà mo ti jẹ gelato kiri ní orílẹ̀-èdè náà, ojú oníṣẹ́ ni mo sì fi wò ó. Ohun tí òǹkọ̀wé yín ní kí a máa wá gan-an ni ohun tó yẹ kí a máa sá fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹ wo pistachio, èso kékeré tó ní èèpo líle, tí àwọn ará Ítálì kì í fi ṣeré nínú gelato wọn. Èyí tó lókìkí jù nínú rẹ̀ ń wá láti Bronte, ìlú kan ní ẹsẹ̀ òkè Etna, òkè tó ń yọ iná ní erékùṣù Sísílì. Ọdún méjìméjì ni wọ́n ń kórè rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ká a lórí ilẹ̀ olókùúta, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ga. Láti ọdún 2009 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà fi ta ọjà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá yan èso yìí, tí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọ́n sì pò ó mọ́ wàrà àti ṣúgà, àwọ̀ tó ń jáde kì í wu ojú: àwọ̀ ewé tó ti ṣá, tó sì ṣú díẹ̀. Bí ẹ bá wá dé ṣọ́ọ̀bù kan tí pistachio ibẹ̀ ń tàn yòò, aró ló wà nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé álímọ́ńdì tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn kó lè pọ̀.

Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tún yéni ju ìyẹn lọ, nítorí òun ni gbogbo wa mọ̀ láti ilé. Ta ni kò mọ̀ pé bí a bá bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, inú rẹ̀ funfun, àti pé bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i fún ìgbà díẹ̀, ńṣe ló ń dú? Gelato ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò ní ẹ̀tàn nínú yóò funfun, àwọ̀ eérú díẹ̀ yóò sì wà lára rẹ̀. Èyí tó bá pọ́n ròrò, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá èèpo rẹ̀ ló lọ̀. Lẹ́mọ́ọ̀nù náà funfun ni ó yẹ kó jẹ́, nítorí omi inú rẹ̀ la ń lò, kì í ṣe èèpo rẹ̀. Ní ti aláwọ̀ aró kan tí wọ́n ń pè ní puffo, tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé, kò sí èso kankan lábẹ́ ọ̀run tó bí i. Ẹ lè rà á fún ọmọ tó bá ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ iṣẹ́ ẹni tó ṣe é.

Kíkó tí wọ́n ń kó o jọ gègèrè ló ká mi lára jù, nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ tèmi nìyẹn. Áísìkirimù kì í ṣe wàrà àti ṣúgà nìkan. Afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń pò ó ni afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, tó sì ń wú. Nínú áísìkirimù àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, afẹ́fẹ́ lè gba ìdajì abọ́ tí ẹ rà, ìyẹn ni pé ìdajì owó yín lọ sórí ohun tí ẹ ń mí símú lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ gelato kì í yára, afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀bù kékeré kan fi ń wúwo lọ́wọ́ ju bí ojú ṣe rò lọ. Ọ̀rá inú rẹ̀ pàápàá kò tó ti áísìkirimù. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀rá wàrà inú áísìkirimù kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ti gelato sábà máa ń wà láàárín ìdá 4 sí 8, nítorí pé wàrà ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju kírímù lọ. Nígbà tí ọ̀rá kò bá bo ahọ́n, adùn èso yóò tètè débẹ̀. Wọn kì í sì í tà á ní dídì gbagidi: òtútù inú káńtà wọn máa ń wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 12 sí 14 sí ìsàlẹ̀ òdo, nígbà tí áísìkirimù ilé iṣẹ́ ń lọ sí ìwọ̀n 18 sí ìsàlẹ̀ òdo.

Ohun tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé ó lè ga gogoro kọjá etí abọ́ rẹ̀, kí iná máa ràn sí i lórí láti àárọ̀ dalẹ́, kó má sì ya lulẹ̀? Kò lè ṣeé ṣe, àfi bí wọ́n bá fi òróró tó ń dì àti èròjà tó ń mú nǹkan le sí i, tí wọ́n sì fẹ́ afẹ́fẹ́ kún un. Bí ẹ bá rí èyí tó ga bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tún wá to èso odindi àti bisikíìtì lé e lórí, ẹ kí wọn kú ọjà, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú máa ń fi ọjà wọn pamọ́. Ní àdúgbò ọmọ mi ní Bologna, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí àlejò lè wọ̀ kó sì rò pé ọjà ti tán níbẹ̀. Káńtà irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ní, ihò róbótó róbótó wà nínú rẹ̀, ìdérí irin sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pozzetti ni wọ́n ń pe irú káńtà bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tó ń tà níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdérí kankan wà ní ṣíṣí pẹ́. Á gbé kọ́ọ̀bù yín kalẹ̀ níwájú yín, á ṣí ìdérí, á ti ṣíbí pẹlẹbẹ bọ ìsàlẹ̀, á tẹ gelato náà mọ́ ara agolo lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó lè rọ̀, á fà á sókè, á dé ìdérí padà, ìgbà yẹn ni yóò tó wá lẹ̀ ẹ́ sínú kọ́ọ̀bù. Òtútù inú agolo tó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ségesège. Èmi tí mo ń bá iná mànàmáná Àkúrẹ́ yí lójoojúmọ́ mọ iyì rẹ̀. Bí iná bá lọ, tí áísìkirimù yọ́ díẹ̀, tí iná wá dé tó sì dì padà, omi inú rẹ̀ yóò di yìnyín wẹ́wẹ́ tí eyín ń rún. Bí ẹ bá bá irú yìnyín bẹ́ẹ̀ nínú gelato ní Ítálì, níbi tí iná kì í lọ bí tiwa, ẹ mọ̀ pé ọjà ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n bù fún yín.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá dé ọjà rẹ̀ ló ṣe é dáadáa o. Ìdérí kò mọ ohun tí wọ́n fi òun bò. Ibẹ̀ ni ìwé èròjà ti wúlò. Òfin Yúróòpù kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2014 pàṣẹ pé kí ẹni tó ń ta oúnjẹ, kódà èyí tí kò sí nínú páálí, máa sọ fún oníbàárà bí ó bá ní èyíkéyìí nínú àwọn nǹkan 14 tí ara ẹlòmíràn kì í gbà, bíi wàrà, ẹyin àti ẹ̀pà. Nítorí náà ìwé kan yóò wà lára ògiri tàbí lẹ́yìn káńtà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì máa ń kọ gbogbo èròjà wọn sínú rẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n bá ti kọ fior di latte, ìyẹn gelato tí kò ní ju wàrà, kírímù àti ṣúgà lọ. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun èso carob pẹ̀lú rẹ̀, kí àyà yín má já, ohun tó ń jẹ́ kó dì pọ̀ ni, láti inú èso igi ni wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí grassi vegetali, òróró tó ń dì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Coloranti ni aró. Fior di latte yìí kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò níbikíbi tí ẹ bá dé. Kò ní kòkó, kò ní èso, kò sí ibi tí àléébù lè fara pamọ́ sí nínú rẹ̀. Ṣíbí kékeré kan ni wọ́n fi máa ń bù ú fún ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò, wọn kì í sì í gba owó rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń kọ artigianale tàbí produzione propria sára ògiri, láti fi sọ pé ọwọ́ àwọn ni àwọn fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tó ra ìyẹ̀fun alápòpọ̀ láti ilé iṣẹ́, tó bu wàrà lé e, tó sì dà á sínú ẹ̀rọ, lè kọ ọ́ sára ògiri tirẹ̀ náà. Mo fara mọ́ àkọlé tó bá ń yí padà pẹ̀lú àsìkò ju ìyẹn lọ: kí èso písì wà níbẹ̀ nígbà ooru, kí ọ̀pọ̀tọ́ wà níbẹ̀ bí ooru bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí sitirọ́bẹ́rì sì parẹ́ nígbà òtútù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn tilẹ̀ wà ní ìhà àríwá tó jẹ́ pé wọ́n máa ń tì pa pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà òtútù, nítorí náà ẹni tó bá ń lọ ní oṣù Kìíní kó má jẹ́ kó ya òun lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ owó kò pọ̀. Kọ́ọ̀bù kékeré sábà máa ń jẹ́ yúrò 3 tàbí 4, ẹni tó bá sì fẹ́ máa yí gbogbo rẹ̀ padà sí náírà kò ní lè jẹ nǹkan kan ní Yúróòpù. Kí ẹ sá ti ka iye tí wọ́n kọ sára ògiri kí ẹ tó béèrè. Ní ọdún 2013, àwọn arìnrìn-àjò mẹ́rin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra kóònù mẹ́rin ní àárín gbùngbùn Róòmù, yúrò 64 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdúró ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá jókòó ní tábìlì níta gbangba, owó ìjókòó yóò wọ̀ ọ́. Bákan náà, bí ẹ bá rí ibi ìsanwó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ sanwó níbẹ̀, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ tó wá gbé e fún ẹni tó ń bu gelato. Àwọn ènìyàn wa kan máa ń fi ìbínú dúró níwájú káńtà pé wọn kò dá àwọn lóhùn, wọn kò sì mọ̀ pé rìsíìtì ni ẹni yẹn ń retí.

Ní ti ibi tí ènìyàn lè lọ ní Róòmù gan-an, mo gba àwọn tó ń lọ fún ìrìn-àjò ìsìn níyànjú pé kí wọ́n má ra gelato sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn ńlá kankan. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ mọ̀ pé òun kò ní rí yín mọ́ láyé. Ìràwọ̀ tí àwọn ènìyàn fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, àlejò bíi tiwa ló pọ̀ nínú àwọn tó fi í síbẹ̀. Ẹ rìn wọ inú àdúgbò, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí àwọn ará ìlú bá kó ọmọ àti ìyá àgbà jáde láti gba atẹ́gùn, kí ẹ sì wo ibi tí àwọn àgbàlagbà ń yà sí. Àwọn ilé gelato àtijọ́ tó lórúkọ náà wà. Fassi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1880, ilé rẹ̀ tó tóbi bíi gbọ̀ngàn wà nítòsí Piazza Vittorio; Giolitti náà ti ń tajà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ló sì wà. Il Gelato di San Crispino ní tirẹ̀ di gbajúmọ̀ nítorí pé ó kọ̀ láti fi kóònù ta ọjà, ó ní kóònù ń da adùn gelato rú, abẹ́ ìdérí ló sì ń tọ́jú ọjà rẹ̀ sí. Mo gbóṣùbà fún irú agídí bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fẹ́ràn kóònù.

Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá gba ìhà àríwá, kó yà sí La Marianna ní Bergamo, níbi tí Enrico Panattoni ti kọ́kọ́ ṣe stracciatella ní ọdún 1961: ó da ṣókólétì gbígbóná sórí fior di latte bí ẹ̀rọ ṣe ń pò ó lọ́wọ́, ṣókólétì náà dì lójú ẹsẹ̀, ó sì fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn odi Bologna, ní Anzola dell'Emilia, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà fún ìtàn gelato, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012 lọ́dọ̀ Carpigiani tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. Oníṣẹ́ bíi tèmi lè lo odindi ọjọ́ níbẹ̀. Bóyá ọkọ àti ìyàwó tí kò sí nínú iṣẹ́ náà lè fara da wákàtí kan.

Nǹkan méjì kan wà tí òǹkọ̀wé yín kò mẹ́nu bà rárá, tó sì kan ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín. Èkíní ni ọtí. Àwọn Mùsùlùmí, àti àwọn Kristẹni tí kì í fẹnu kan ọtí, kí wọ́n ṣọ́ra fún malaga, nítorí ọtí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú èso àjàrà gbígbẹ. Kí wọ́n ṣọ́ra fún zabaione, tí wọ́n ń fi wáìnì Marsala àti pupa ẹyin ṣe, àti fún zuppa inglese, tó ní ọtí aláwọ̀ pupa kan. Orúkọ wọn kò fi hàn bẹ́ẹ̀. Èkejì ni wàrà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni wàrà máa ń dà nínú rú, wọn a sì rò pé kò sí èyí tó kan àwọn nínú ọ̀rọ̀ gelato. Sorbetto wà fún wọn, omi, èso àti ṣúgà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó dára ló sì ń fi omi dípò wàrà po ṣókólétì dúdú tí wọ́n ń pè ní fondente. Kí wọ́n ṣáà béèrè.

Bí mo ti dárúkọ ṣókólétì yìí, n kò lè ṣàì sọ tinú mi. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí ni kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà. Ní Turin, wọ́n ní nígbà tí ogun Napoleon sọ kòkó di ọ̀wọ́n gógó ni àwọn aṣeṣókólétì ibẹ̀ lọ èso hazelnut tó ń so ní àgbègbè wọn mọ́ díẹ̀ tó kù lọ́wọ́ wọn, èyí tó bí gianduja. Títí dòní, kò sí ṣọ́ọ̀bù gelato tó mọ iṣẹ́ ní ìlú náà tí kì í tà á. Àwọn kan máa ń kọ orúkọ ilẹ̀ tí kòkó wọn ti wá sára agolo, mo sì ti rí Ecuador, mo ti rí Madagascar. Mo ń wá Ìdànrè kiri, n kò rí i. Àwọn aláṣẹ wa tó máa ń lọ sí Yúróòpù fún ìpàdé kòkó lè bá wa béèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lá tiwọn.

Ẹni tó bá sì ní ọjọ́ púpọ̀, kó wọkọ̀ dé Sísílì. Oúnjẹ àárọ̀ ni yìnyín lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní granita jẹ́ níbẹ̀, ti álímọ́ńdì ni kí ẹ béèrè ní Catania, pẹ̀lú búrẹ́dì rírọ̀ tó ní orí kékeré lókè, tí wọ́n ń ya tí wọ́n sì ń kì bọ inú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń la búrẹ́dì yẹn sí méjì, wọn a sì kó gelato sáàárín rẹ̀, bí àwa náà ṣe ń fi àkàrà sáàárín búrẹ́dì. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ ẹ́ lábẹ́ oòrùn oṣù Kẹjọ yóò rí i pé búrẹ́dì ń fa èyí tó bá yọ́ mu, kì í jẹ́ kó kán sí aṣọ bíi ti kóònù.

Mo bẹ ẹ̀yin Olóòtú pé kí ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta kí ẹgbẹ́ tó ń lọ lẹ́yìn èyí tó gbéra, kí òǹkọ̀wé yín sì gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí àwọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí ó bá ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, inú mi yóò dùn láti kà á nínú ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá Oníáísìkirimù,
Alágbàká, Àkúrẹ́.